Kí Èsì Dúró Ná

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Memunat wọ yàrá ìpàdé ilé iṣẹ́ wọn ní Ìsọlọ̀, níbi tí ariwo tírélà kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ inú fákítìrì ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Àwọn àlejò mẹ́ta tó fẹ́ ra iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ti jókòó. Olúbọ̀wálé, ọ̀gá wọn, ti sọ fún un pé bí wọ́n bá gbà á, ó di òṣìṣẹ́ gidi nìyẹn, yóò sì gba káàdì ìlera.

Káàdì yẹn ló ń wá. Ihò wà nínú ọkàn Àbdùlgàfár, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì. Ọsibítù ní ọjọ́ tí káàdì bá jáde làwọn á gbé e wọ tíátà. Láàárọ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ náà ní Mafoluku ló fi í sí, ó ń jẹ ògì.

Wọ́n gba fóònù gbogbo èèyàn lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn, Ṣemílọ́rẹ tó ń gbàlejò kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀.

Memunat bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní kánẹ́lì ni olórí inú kọ̀ǹpútà, òun ni gbogbo ètò ń bẹ̀ níṣẹ́: bá mi ka fáìlì yìí, bá mi gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wí. Tẹ́lẹ̀, ètò tó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ á dúró gbagidi títí èsì á fi dé. Nínú tòun, ètò á fi ìbéèrè sílẹ̀, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Kánẹ́lì á ṣe é tán, á to èsì sórí ìlà, kò sì ní já lu ètò náà. Ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀ ni yóò wá wò ó.

Ó ń ya ìlà náà sójú pátákó nígbà tí Ṣemílọ́rẹ wọlé, tó sọ nǹkan sétí ọ̀gá. Olúbọ̀wálé kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí bébà, ó tì í síwájú Adéyẹyè, àgbà òṣìṣẹ́ tó ti ń bá Memunat jiyàn lórí iṣẹ́ yìí láti oṣù mẹ́ta. Adéyẹyè kà á, ó fẹ́ dìde. Ọ̀gá gbọ́wọ́ lé e léjìká. Memunat rò ó lọ́kàn pé ìbéèrè tí wọ́n máa fi dè é ni. Ṣemílọ́rẹ gbé tíì wá fún un, òun nìkan, kò sì wo ojú ẹ̀.

Adéyẹyè nawọ́.

"Memunat, bí èsì yẹn bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé dá dúró ńkọ́? Èyí tó jẹ́ pé bí ètò yẹn bá gbọ́, á fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ kó máa lọ?"

Ó tún ti dé. Ohun tó ti ń wí láti oṣù mẹ́ta nìyẹn.

"Ọ̀gá Adéyẹyè, ẹ ò kúkú ní gbàgbé. Èsì kì í kan, sà. Ọbẹ̀ kọ́."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Adéyẹyè ò rẹ́rìn-ín.

"Jẹ́ kó gbọ́ ná. Jọ̀ọ́."

"Kó gbọ́, kó wá da tọwọ́ ẹ̀ nù? Kí ló fẹ́ rí ṣe sí i? Iṣẹ́ ọ̀hún ti parí níbi tó ti parí."

Olúbọ̀wálé ní kí ẹlòmíì béèrè tiẹ̀. Adéyẹyè kó ìwé ẹ̀, ó jáde. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ní inú ọkùnrin mìíràn kì í dùn kí obìnrin kọ́ òun níṣẹ́, Memunat sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n bi í ní ìbéèrè títí. Nígbà tó kọjá aago kan, ó ní òun fẹ́ sáré kírun ọ̀sán. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ pé kó parí ẹ̀ ná. Aago méjì lù, àwọn àlejò fọwọ́ síwèé, wọ́n lọ. Olúbọ̀wálé fa káàdì fún un, orúkọ ọmọ rẹ̀ wà lára ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ọ̀gá ní kó dìde, kó jókòó.

Ó jókòó, Olúbọ̀wálé wá sọ fún un pé aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ ẹ̀ ti pè pé Àbdùlgàfár ti kú, pé Adéyẹyè sáré lọ sí Mafoluku láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró kí ìyá ọmọ lè fojú kàn án, ṣùgbọ́n wọ́n ti sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.