Mọ́tò Pupa Inú Ọgbà Gàfárù

Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 1956, Lọ́yà Olúrótìmí wa mọ́tò rẹ̀ wọ ọgbà Gàfárù, mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá. Mọ́tò eré ìje ni, pupa fòò, ìjókòó méjì péré ló ní, kanfáàsì sì ni òrùlé rẹ̀. Lọ́yà ń lọ lo ìsinmi oṣù márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì fẹ́ kí òjò Ìbàdàn ba ohun tó ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí jẹ́. Wọ́n ti sọ fún un pé kò sí ẹni tó mọ mọ́tò kékeré tọ́jú bíi Gàfárù.

"Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, ẹ̀yin mẹkáníìkì," ni Lọ́yà wí. "Ẹni tó bá gbé bátìrì tuntun wọ ọgbà yín, àlòkù ló máa gbé jáde. Wá wo ibí."

Irú ẹni tí kò lè fọkàn tán ìyá tó bí i ni Lọ́yà. Ó ti fi ìṣó ha àmì sára gbogbo ohun tó ṣeé tú lára mọ́tò náà: òbírípo kékeré kan, ìlà méjì nínú rẹ̀. Àmì náà wà lára bátìrì, ó wà lábẹ́ ìjókòó. Ó tú òrùka irin tó yí gíláàsì iná iwájú ọwọ́ ọ̀tún ká, ó sì fi inú rẹ̀ han Gàfárù.

"Ọjọ́ tí mo gbé e dé láti Èkó ni mo ti ha gbogbo rẹ̀. Tí mo bá dé, màá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan."

Gàfárù gba òrùka náà, ó wò ó pẹ́.

"Mo ti rí i, sà. Ẹ má ṣèyọnu. Bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé láti Èkó gan-an lẹ máa bá a."

Nígbà tí Lọ́yà lọ tán, Gàfárù tú òrùka iná ọwọ́ òsì náà. Inú rẹ̀ ń dán gbinrin, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ó dá a padà síbi tó wà, ó sì wọlé lọ.

Kò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàdírátù ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè títí ó fi dáhùn.

"Mọ́tò tó pa Àmúdàtù ló wà níta yẹn."

Àmúdàtù ni àbúrò kan ṣoṣo tó ní. Aránṣọ ni. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí yìgì rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mọ́tò pupa kan gbá a ní Dùgbẹ̀ nínú òjò, kò sì dúró. Kò sẹ́ni tó rí nọ́ńbà rẹ̀. Gàfárù fúnra rẹ̀ ló gbé e nínú gọ́tà. Ohun tó ṣà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà nínú àpótí nínú yàrá: bàtà ẹsẹ̀ kan, gèlè tí ẹrẹ̀ ti gan mọ́, àti nǹkan kékeré kan tó fi àkísà wé.

"Mọ́tò pupa pọ̀ n'Íbàdàn," ni Bàdírátù wí. "Ta ló sọ fún yín pé eléyìí ni?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Eléyìí ni. Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn bá wá gbé e, kò ní fi dé ilé rẹ̀."

"Bàbá Láwùmí, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì rẹ̀."

Gàfárù dìde, ó jáde lọ sínú ọgbà.

Ó gbé mọ́tò náà lé igi mẹ́rin kí táyà má baà tẹ́. Ó ro omi inú ẹ́ńjìnnì dànù, ó fi gírísì pa gbogbo irin tó lè dípẹtà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń ká kanfáàsì kúrò lórí rẹ̀, ó sì máa ń jókòó tì í. Ìkórìíra tó wà lójú rẹ̀ ń ba Bàdírátù lẹ́rù. Lóṣù kẹsàn-án, obìnrin náà bá a tó tú àwọn táyà sílẹ̀, tó di páìpù bíréèkì mú. Nígbà tó máa sáré wọlé lọ yẹ àpótí wò, nǹkan inú àkísà ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀bẹ ló rò pé ó jẹ́. Ó sunkún.

Lọ́yà dé ní àárọ̀ Sátidé kan. Oníbàárà kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Wándé jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ní òun ń dúró de mọ́tò òun. Lọ́yà kọ́kọ́ wa mọ́tò pupa náà gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá. Bàdírátù fọwọ́ bojú.

Ó padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bíréèkì yìí tiẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

Ó wá ń wá àmì rẹ̀ kiri: bátìrì, ìjókòó, òrùka iná ọwọ́ ọ̀tún, òrùka iná ọwọ́ òsì. Gbogbo rẹ̀ ló pé.

"Olóòótọ́ èèyàn ni ọ́, Gàfárù."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, sà, kí ẹ má baà ní mo pààrọ̀ ọ̀kan lọ́la."

Ọ̀rọ̀ ìwé dùn mọ́ Lọ́yà nínú. Ó kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ pé òun fojú rí àmì tí òun fọwọ́ ara òun ha sára ohun kọ̀ọ̀kan, òrùka iná méjèèjì pẹ̀lú, pé ti òun ni gbogbo wọn láti ọjọ́ tí òun ti ra mọ́tò náà. Ó buwọ́ lù ú. Wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Wándé ṣe ẹlẹ́rìí, òun náà buwọ́ lù ú.

Ọ̀gbẹ́ni Wándé ká ìwé náà sápò, ó fa ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọlọ́pàá yọ, ó sì sọ fún Lọ́yà pé inú gọ́tà Dùgbẹ̀, lábẹ́ orí Àmúdàtù, ni Gàfárù ti ṣa òrùka iná ọwọ́ òsì.