Òkúta Ọfà Inú Kànga Ìgàndò

Ṣàfíù télọ̀ kì í jalè, kì í sì í jà, ṣùgbọ́n ojúkòkòrò iyì ń bá a fínra. Bí wọ́n bá yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ìwà yìí ló tì í dé ibi tí ẹ ó gbọ́ yìí.

Ní Ẹ̀gbẹ́dá ló ti ń ránṣọ. Lọ́jọ́ Àìkú, òun àti àwọn kan máa ń pàdé lágbàlá Bàbá Zacchaeus, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ní Baruwa. Òkúta àtijọ́ ni wọ́n ń ṣà, èyí tí àwọn ará ìgbàanì ṣá ṣe ẹnu ọfà. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọwọ́ ènìyàn ló ṣá etí rẹ̀, bóyá wọ́n ṣe ìdí rẹ̀ ní fẹ́lẹ́ kó lè wọnú igi ọfà. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá mú òkúta wá gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí i. Òkúta tí a kò mọ ibi tó ti jáde kò lè sọ ìtàn kankan fún wa.

Lọ́jọ́ kan, Hàbíbátù onídìrí, tó ń gbẹ́ kànga sílé rẹ̀ ní Ìgàndò, mú òkúta ṣóńṣó kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Ṣàfíù.

"Bọ̀dá Ṣàfíù, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan wọ̀nyí. Inú kànga mi ló ti jáde. Ṣé kí n dá àwọn tó ń gbẹ́ ẹ dúró ni?"

Ṣàfíù yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ọfà gidi ni. Ṣùgbọ́n bó bá sọ òótọ́, orúkọ Hàbíbátù ni wọn yóò máa dá.

"Àfọ́kù òkúta lásán ni jàre. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbẹ́ lọ. Ẹ fi sílẹ̀, màá bá yín dà á nù."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Ọ̀kánjúà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́.

Nígbà tí Ṣàfíù mú òkúta náà dé ìpàdé, Bàbá Zacchaeus yí i wò síwá sẹ́yìn. "Níbo lo ti rí i?"

"Ìjẹ̀gùn ni, sà. Ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ kan."

"Ó dára. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó jọ lọ wo ibẹ̀."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n Ṣàfíù mọ̀ pé òun kò ní ibi kankan láti mú wọn lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó gbé dígà àti àpò àfọ́kù òkúta lọ sí Ìjẹ̀gùn, kó lè gbẹ́ ihò, kó da òkúta náà sí i, kó sì fi hàn wọ́n pé ibẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé páìpù epo gba abẹ́ ilẹ̀ tó yàn kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ kò tíì gbàgbé iná páìpù ọdún 2008. Ìró dígà lásán ti tó láti lé wọn jáde nílé. Kó tó gbórí sókè, wọ́n ti yí i ká.

"Epo lo fẹ́ fà, àbí?"

"Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Òkúta ọfà ni mo ń wá."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ti ń yí táyà bọ̀. Bàbá Àjíṣafẹ́, àgbà àdúgbò, ló ní kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n jẹ́ kí Ṣàfíù pe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ṣàfíù pe Bàbá Zacchaeus, ó sì jókòó sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà, ó ń làágùn.

Nígbà tí Bàbá Zacchaeus dé, tó mú ẹnu ọfà náà dání, ó ní, "Òkúta ló ń ṣà lóòótọ́. Ìjẹ̀gùn níbí náà ló ti rí ọ̀kan lọ́jọ́sí."

"Kì í ṣe òní ló ti ń gbẹ́ ibí nìyẹn!" Wọ́n tún rọ́ lù ú.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣàfíù kúnlẹ̀. "Mi ò dé ibí rí. Irọ́ ni mo pa. Kànga Hàbíbátù ní Ìgàndò ni òkúta yẹn ti jáde."

Bàbá Àjíṣafẹ́ tú àpò rẹ̀ wò, ó rí òkúta nìkan, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Láti ibẹ̀, Bàbá Zacchaeus mú un lọ sí Ìgàndò, ó sì dá òkúta padà fún Hàbíbátù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti to rìǹgì kọnkéré sínú kànga. Típà ti kó erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó dà á sí. Ohunkóhun tó kù nínú ilẹ̀ yẹn ti ṣègbé.

"Ǹ bá dá wọn dúró ká ní ẹ sọ fún mi," ni Hàbíbátù wí. Bàbá Zacchaeus sunkún.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣa òkúta yọ Ṣàfíù kúrò láàárín wọn. Lẹ́yìn ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ rí ẹnu ọfà gidi kan níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ gọ́tà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó gbé e kiri, kò sẹ́ni tó bá a wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má fi irọ́ wá iyì. Ẹni tó bá gba ògo ọmọnìkejì rẹ̀ yóò pàdánù tirẹ̀, yóò sì ba ohun tí gbogbo wa ìbá jọ jẹ àǹfààní rẹ̀ jẹ́. Bí ènìyàn bá bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.