Báwo Ni Jẹnẹrétọ̀ Ṣe Ń Dún?

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń fọ̀rọ̀ wá Àdùnọlá lẹ́nu wò ní Ìsẹ́yìn kò tíì rí ọjọ́ tí iná lọ rí láyé wọn, torí iná oòrùn ti gba gbogbo ìlú kí wọ́n tó bí wọn. Ogún ọdún ni Àdùnọlá ti fi ṣàyẹ̀wò òfin iná oòrùn, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó ń wá iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ìlú yìí lórí ọ̀rọ̀ iná.

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ ti lo jẹnẹrétọ̀ rí, mà," ni Láníyọnu, alága wọn, wí. "Báwo ló ṣe ń dún?"

Àdùnọlá dìde, ó fa okùn tí kò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Nígbà náà, gbogbo ilé àdúgbò wa ló máa ń dún báyìí," ló wí.

Láníyọnu nu ojú. "Ìgbà wo lẹ máa lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mà?"