Omi Ń Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì Bọ̀

Odò tó ń bomi rin oko wa ti gbẹ táútáú. Àgbàdo ti jóná lóko.

Abuna Bisada, àlùfáà wa, ń ké níwájú pẹpẹ: "Olúwa, gbé omi wa sókè!"

Àwa náà ń dáhùn pé kí Olúwa ṣàánú fún wa: "Kirie eleison!"

Lójijì, bàtà mi tutù.

Omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé!

"Iṣẹ́ ìyanu!" Ìyá Shenuda fò sókè. Abuna bú sẹ́kún.

Gbogbo wa tú síta, a tọ omi náà lọ.

Ẹnu ọ̀nà ilé Abuna, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ló ti ń ṣàn bọ̀. Tasoni ìyàwó rẹ̀ di rọ́bà omi mú, ó ń fi omi táǹkì tí gbogbo abúlé ń tò gbà wọ́n ilẹ̀ kí eruku má baà sọ.

Ó ké sí ọkọ rẹ̀: "Bàbá Mina, ilẹ̀ ti tutù bẹ́ ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ!"

Ìyá Shenuda ní: "Abuna, ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀. Tasoni ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀."

A dáhùn: "Kirie eleison!"