Òórùn Ọkùnrin Kan Lórí Ìrọ̀rí

Nígbà tí alágbàfọ̀ jáwọ́ nínú sìgá, imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ jí. Láti kékeré ló ti ń mu ún. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fẹ́ ẹ. Dókítà ló ní kó yan ọ̀kan nínú sìgá àti ẹ̀dọ̀fóró. Ó yan ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ó ń kùn.

Ara rẹ̀ kò gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Láàárọ̀ á máa súfèé. Kó tó di ọ̀sán, á ti máa kanra mọ́ èèyàn. Lọ́jọ́ kan, bọ́tìnì ẹ̀wù oníbàárà já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì jókòó ti ọpọ́n ìfọṣọ, ó sunkún. Igi ìṣáná ló ń jẹ lẹ́nu dípò sìgá.

Obìnrin àgbà kan ló ń bá a lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é.

"Tẹ́lẹ̀, a máa ń gbọ́ òórùn ẹ ká tó rí ẹ," ni ìyá náà wí. "Ní báyìí, ńṣe lo máa ń yọ́ wọlé bí ológbò. Wàá dá àyà já mi lọ́jọ́ kan."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ta ló ń bínú bí kò ṣe ìwọ? Èéfín ti lọ, ìwà ló kù. Ìwà ọ̀hún náà ni kò jẹ́ ká gbádùn."

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ó gbé ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú ló ti ń ran aṣọ iléèwé. Ó gbọ́ òórùn ṣọ́ọ̀kì àti epo ẹ̀rọ ìránṣọ lára ìrọ̀rí náà. Lábẹ́ òórùn méjèèjì, ó gbọ́ òmíràn. Òórùn ọkùnrin ni. Ó dà bí igi tí òjò pa tí oòrùn wá ràn sí. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú yàrá yẹn.

Ó gbé gèlè obìnrin náà. Òórùn náà wà níbẹ̀. Ó lọ sí pálọ̀, ó tẹ orí ba àga tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin náà tilẹ̀ láyà débi pé ó ń jókòó sórí àga onílé.

"Ta ló wá síbí lánàá?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Àwọn ọmọ iléèwé ni. Dírẹ́bà náà mú ṣòkòtò rẹ̀ wá kí n bá a rán ibi tó ya."

Yàrá tó kọjú sí tiwọn ni dírẹ́bà ń gbé. Òun ló máa ń pe obìnrin náà ní "ìyàwó wa" tí á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Ṣòkòtò nìkan?"

"Háà! Sìgá lẹ ní ẹ jáwọ́ níbẹ̀, ẹ wá di ọlọ́pàá." Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Láìpẹ́ yìí, orin kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lórí ibùsùn, ó ti ń sún mọ́ ọkọ rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọkọ ní ẹni tó bá jẹ̀bi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Aṣọ gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì tó ki ọ̀kankan bọ omi, yóò gbé e sí imú. Onígbàjámọ̀ ń rùn bíi páúdà. Ẹ̀wù dírẹ́bà ń rùn bíi bẹntiróò àti kánfọ̀. Ó dun alágbàfọ̀ pé kì í ṣe dírẹ́bà. Ọ̀tá tí a mọ̀ sàn ju èyí tí a kò mọ̀. Aṣọ alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ni kì í sí nínú òkìtì aṣọ ibẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí àwọn oníbàárà sọ pé ọṣẹ àwọn ló fi ń fọ aṣọ ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ ọ́ nílé.

"O ti ń fi imú jẹ aṣọ," Ìyá Áyọ́ọ̀nù wí. "Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

Ó gbé ẹ̀wù mìíràn sí imú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó tètè darí sílé. Láti ẹnu ọ̀nà, ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó gbá ìrọ̀rí mọ́ra, ó ti ojú bọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ wà ní dídì, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Alágbàfọ̀ yí padà, ó jáde. Ó ra sìgá ẹyọ kan ní ìkòríta, ó fi há etí. Nígbà tí ó padà dé, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

"Níbo lẹ ń lọ?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ó bọ́ aṣọ ìrọ̀rí, ó jù ú sí i. Ó fi sìgá sẹ́nu, ó mú ìṣáná lọ́wọ́.

"Ta ló ni òórùn yẹn? Bí o bá purọ́, màá ṣáná sí sìgá yìí, màá sì lọ."

Obìnrin náà gbóòórùn aṣọ náà. Ó wò ó tìyanutìyanu. "Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé mo máa bi ọ́? Pè é lórúkọ!"

Ìyàwó rẹ̀ kò pe orúkọ kankan. Ó yọ sìgá kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó tú bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ń làágùn sí láti àárọ̀, ó bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, ó sì rọra fi bò ó nímú.