Ọwọ́ Òsì Alhaja

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará orí fóònù, ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀fà o!

Àkànbí ti da ẹrù Hàlímàt, opó àbúrò rẹ̀, síta.

Alhaja, ìyá Àkànbí, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí àìsàn ti kọlù ú. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì ló ti ń sọ tẹnu ẹ̀. Àkànbí ló ń bá a di ọwọ́ ọ̀tún mú, kó lè tẹ lẹ́tà.

Àkànbí pe ẹbí jọ, ó ní: "Ẹ̀yin ẹbí, ẹ wò ó! Mọ́mì ní kí àjẹ́ yìí jáde nílé òun!"

Hàlímàt já tábúlẹ́ẹ̀tì gbà. Ó sún gbogbo kíbọ́ọ̀dù lẹ́tà ojú rẹ̀ sí igun òsì, ó gbé e sábẹ́ ọwọ́ òsì Alhaja.

Ẹbí figbe ta: "Ọwọ́ òsì kẹ̀? Fún àgbàlagbà? Aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

Wọ́n ń bú u, ó ń kọ orin tí Alhaja fẹ́ràn:

"Ọwọ́ mi, má já mi kulẹ̀ o, ọwọ́ mi."

Ìka òsì Alhaja gbéra. Ó ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹbí sún mọ́ ọn, wọ́n kà á:

"Ọwọ́ ọ̀tún mi ti kú. Àkànbí ló ń kọ ọ́. Hàlímàt ọmọ mi, bu oúnjẹ fún wọn."

Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n relé tayọ̀tayọ̀.

Ẹrù Àkànbí ló wà níta báyìí.