Olùkọ́ Tó Dá Ẹran Iléyá Ìyá Rẹ̀ Padà

Ẹ má ṣe dúró ní ìdajì ìtàn yìí. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí pé dídúró ní ìdajì gan-an ni ó ba ayé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́.

1.

Káfíńtà ni Ọláìtán ní Àjàǹgbádì, ilẹ̀kùn ni ó sì mọ̀ ọ́n kàn jù lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, òun ni olùkọ́ Bíbélì nínú ìjọ wọn ní Okokomaiko. Mùsùlùmí ni Maimunat, ìyá tí ó bí i. Ìbà ni ìyá náà ń gbé pẹ̀lú Akeem, àbúrò Ọláìtán. Lọ́dọọdún, ìyá a gbé ẹran Iléyá wá fún ọmọ rẹ̀. Bí Kérésìmesì bá sì dé, ìrẹsì ọmọ a dé Ìbà.

Ní ọdún kan, Ọláìtán ka Kọ́ríńtì Kìíní, orí kẹwàá, fún ìjọ. Ó dé ẹsẹ kọkànlélógún, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ènìyàn kò lè jẹun níbi tábìlì Olúwa kí ó tún jẹun níbi tábìlì àwọn ẹ̀mí èṣù. Ó pa Bíbélì dé. Ó ní ẹran Iléyá ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, àti pé ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ìjọ mọ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má rò pé kò mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Ní ẹsẹ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Pọ́ọ̀lù kan náà sọ pé bí aláìgbàgbọ́ bá pè yín wá jẹun, kí ẹ jẹ ohunkóhun tí ó bá gbé ka iwájú yín. Ọláìtán ti rí i. Ó fò ó, nítorí pé yóò gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Iléyá dé, wọ́n yọ Ìyá Tóyìn kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí ẹran tí onílé rẹ̀ fún un. Ọláìtán ni ó dá ẹjọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyá rẹ̀ gbé abọ́ ẹran dé ìsọ̀ rẹ̀, ó sì bá àwọn ọmọ ìjọ níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ máa gbé e padà. Ìgbàgbọ́ mi ò gbà á."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Àgbò Ìbúráhíìmù mà ni, Ọláìtán. Ṣé kò sí nínú Bíbélì tìẹ ni?"

Ìyá gbé abọ́ rẹ̀ padà sínú kẹ̀kẹ́ tí ó gbé e wá.

2.

Iléyá mìíràn kọjá bẹ́ẹ̀. Kí èyí tí ó tẹ̀lé e tó dé, àìsàn dá Maimunat dùbúlẹ̀, apá rẹ̀ kan kò sì ṣeé gbé mọ́. Akeem wá sí Àjàǹgbádì.

"Ẹ̀gbọ́n, Màámi ní kẹ́ ẹ wá bá àwọn jẹun lọ́jọ́ Iléyá. Wọ́n ní àwọn ò tún ní bẹ̀ yín ní nǹkan míì."

Ọláìtán fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Fọlọ́runṣọ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, tí ìtara rẹ̀ pọ̀ jù, ń gbé nínú ilé tí ó dojú kọ ti ìyá náà. Bí ó bá lọ tí kò jẹun, ọkàn ìyá rẹ̀ yóò bàjẹ́. Bí ó bá jẹun, orúkọ òun ni yóò bàjẹ́. Ó tọ Pásítọ̀ Ògúntádé lọ pé kí wọ́n yọ̀ǹda òun.

"Brọ̀dá, tí mo bá yọ̀ǹda yín, kí ni kí n wá wí fún Ìyá Tóyìn?" ni Pásítọ̀ béèrè. "Àfi kẹ́ ẹ dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, kẹ́ ẹ sọ pé àṣìṣe ni."

Ọkùnrin tí ó ń kan ilẹ̀kùn fún gbogbo Àjàǹgbádì kò rí ilẹ̀kùn kan tí yóò gbà jáde, àfi èyí tí yóò tẹríba gbà kọjá. Ó pinnu pé ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé Iléyá, òun yóò pe àtúnṣe náà ní ìfihàn tuntun, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé òun ṣìnà. Ó ránṣẹ́ sí Akeem pé kí wọ́n fi ẹran tòun sínú fíríìsà, pé òun ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi.

Ọjọ́ Ẹtì ni Iléyá bọ́ sí. Wọ́n gbé Maimunat jókòó sí ibi tí ó ti ń wo géètì. Bí géètì bá ti dún, a béèrè bóyá Ọláìtán ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun àìlà ọ̀sán, ó dákẹ́. Wọ́n pe Ọláìtán, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti ń tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ sàréè ìyá rẹ̀.

Akeem kò bá a jà. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹran yín ṣì wà nínú fíríìsà."

3.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Ọláìtán kò rántí ìfihàn tuntun kankan mọ́. Ó ka orí kẹwàá náà kọjá ibi tí ó ti dúró tẹ́lẹ̀, ó sì sọ fún ìjọ pé òun rí ẹsẹ kẹtàdínlọ́gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni.

Fọlọ́runṣọ́ dìde. "Olùkọ́, ẹ ka èyí tó tẹ̀lé e."

Èyí tí ó tẹ̀lé e sọ pé bí ẹnìkan bá wí pé a fi ẹran náà rúbọ sí òrìṣà, kí ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ọláìtán ní Mùsùlùmí kì í bọ òrìṣà, pé Ọlọ́run Ábúráhámù ni ìyá òun ń ké pè. Kò sí ẹni tí ó gbọ́. Bí ó ti kọ́ wọn láti mú ẹsẹ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú u.

"Ẹ̀yin ará," ni Fọlọ́runṣọ́ wí, "ọ̀fọ̀ ló ń da Olùkọ́ wa láàmú. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún wọn."

Wọ́n yí i ká, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e lórí títí ó fi kúnlẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Àmín wọn bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Tóyìn nìkan ni ó gbé báàgì rẹ̀, tí ó jáde.

Títí di òní, òfin ẹran Iléyá ṣì wà nínú ìjọ náà. Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ Ọláìtán ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí Ọláìtán kọ́ni mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ Bíbélì fún ẹlòmíràn, ẹ kà á kọjá ibi tí ó ti dùn mọ́ yín. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ kan lé òbí yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá sì ti ṣì í kọ́, ẹ tún un ṣe kíá. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí yóò bá iyì yín mu. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.